Omi Àgbọn Tí Mo Gbé Wọ Wọ́ọ̀dù

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ jẹ́ kó dún dé Badore! Ògo ni fún Ẹni tó la ọ̀nà ìtọ̀ nígbà tí dókítà ti káwọ́ lérí! Ìtọ̀ ni mo wí o. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Ìtọ̀ ni mo wá dúpẹ́ lé lórí láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, ẹ rín in tẹ́rùn. Nígbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ sì tọ̀, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí pé mo ti rí ẹni tó fẹ́ tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko tí kò rí i tọ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Káyọ̀dé, ìyá tó ń se òróró àgbọn létí òkun. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú, ẹ sì mọ̀ pé mi ò kì í gbà pé mo jẹ̀bi. Ṣé ẹ wá rí i pé èmi nìkan ni mo dúró síbí? Ẹni tó yẹ ká jọ dúró, Mórẹ́nikẹ́ ìyàwó ọmọ mi, òun ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé ká jáde wá dúpẹ́. Èsì kan náà ló ń fún mi. Ó ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá máa sọ gbogbo ẹ̀, màá jáde. Tẹ́ ò bá ní sọ gbogbo ẹ̀, ẹ jẹ́ n jókòó sáàyè mi."

Gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Pásítọ̀, kódà tó bá gùn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ọdún mẹ́ta rèé, lọ́dún tó tẹ̀ lé ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún l'Ékòó. Oyún àkọ́bí Mórẹ́nikẹ́ ni. Ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo ní aboyún wo lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wú? Ojú rẹ̀ náà wá wú, ó kún bọ̀m̀bọ̀, inú mi dùn! Mò ń mú un kiri àdúgbò, mò ń sọ pé, "Ẹ wo ìyàwó mi bó ṣe sanra, ọwọ́ mi ló ti ń jẹun." Ẹ wo agọ̀ ara mi. Àìsàn ni mò ń fi ṣe fáàrí.

Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi nídìí iná. Ó ní, "Màmá, orí ń fọ́ mi. Ojú mi ń ṣú, mi ò rí ibi tí mò ń fi ẹsẹ̀ sí." Ṣé ẹ mọ ohun tí mo wí? Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti kẹ́ra jù. Èmi bí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé orí fọ́ mi." Ó lọ jókòó, ó ń bá mi rin àgbọn lọ. Olúwa, dárí jì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tó ti ń rin àgbọn náà ni nǹkan ti ṣe é. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣubú lu ilẹ̀, apá, ẹsẹ̀, gbogbo ara ń jà. Itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, nítorí ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Yéè! Mo ké, àwọn èèyàn sáré dé, bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n fà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Wárápá ni! Ẹ má fọwọ́ kan itọ́ yẹn o, ẹni tó bá kàn ti kó o!" Gbogbo àwọn tí mo fún ní òróró àgbọn, tí mo máa ń bá pọn ọmọ wọn, wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n káwọ́ gbera.

Èmi àti Káyọ̀dé la gbé e dé etí ọ̀sà. Ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi náà ló máa gbéni dé Èkó kíákíá. Ọlọ́kọ̀ wo Mórẹ́nikẹ́, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò lè gbé wárápá. Èrò ò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́." Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo fa etí ìró mi, mo nu itọ́ ẹnu ọmọ yẹn, mo fi pa apá mi méjèèjì, mo fi pa ojú mi. Mo ní, "Ó ti ràn mí. Èmi náà ti di oníwárápá báyìí. Gbé àwa méjèèjì, àbí kí n wá fi ra ìwọ náà lára?" Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ká tó gúnlẹ̀ l'Ékòó, gìrì ti tún mú un lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́kùnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó jọ pé kò tíì sùn. Ó ní, "Kì í ṣe wárápá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ga, òun ló gbé gìrì wọ inú oyún. Màmá, ilé ìwòsàn wo ló ti ń wo oyún yìí?"

Mo ní, "Àgbo ni mò ń sè fún un."

Kò bá mi jà. Ó kàn mirí, ó sì yíjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ títí gìrì fi rọlẹ̀, wọ́n sì gbẹ̀bí fún un. Ọkùnrin ni. Kò ké. Wọ́n gbé e fún mi nínú aṣọ funfun, èékánná rẹ̀ pé, irun kún orí rẹ̀, ó jọ Káyọ̀dé bí ẹni pé wọ́n fi òun náà ya á. Mo dúró tì í pé kó ké. Kò ké o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bá mi sọ èyí tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú. Mo ti gbọ́ ọ, kò tù mí nínú.

Mo rò pé ìyà ti tán níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń jáde nídìí, ó ń jáde ní èrìgì, ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ láti àárọ̀ náà ń sun ẹ̀jẹ̀. Dókítà fa díẹ̀ sínú ìgò tínńrín kan, ó dì í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wo aago ara ògiri. Mo ní, "Dókítà, kí lẹ̀ ń wò?" Ó ní, "Mò ń wò ó bóyá á dì." Èmi náà dúró, mò ń wò ó. Ẹ mọ bí òróró àgbọn ṣe máa ń dì gbagidi láàárọ̀ ọyẹ́. Mo ní Olúwa, jẹ́ kó dì bẹ́ẹ̀. Dókítà dorí ìgò kodò díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ ṣàn bọ̀ nínú rẹ̀ bí omi. Kò dì.

Ó ní, "Ẹ pe àwọn èèyàn yín. Ẹ̀jẹ̀ la fẹ́." Káyọ̀dé kọ́kọ́ na apá. Àwọn tí wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi l'Ájà wá, ọmọ Lèmọ́mù àdúgbò wa wà nínú wọn, èyí tí mo ti bá jà nítorí àgbọn tó já bọ́ sí ọgbà wọn. Ó na apá, kò rántí ìjà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yẹn ló wọlé sí ìyàwó mi lára, ní ọjọ́ kejì ẹ̀jẹ̀ tó ń ya wá dá. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ tètè pa halelúyà yẹn mọ́ra, kò tíì yá. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe dá ni ìtọ̀ náà dá.

Wọ́n ti ki rọ́bà kan sí i lára, ẹnu rẹ̀ wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò gbẹ. Lọ́la, ìgò gbẹ. Lọ́túnla, ìgò gbẹ. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Màmá, kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè má padà mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún irú wọn kò sí lọ́wọ́ wa. Dídúró la máa dúró." Ó wá mú ife kékeré kan, ó ní ìyẹn ni omi tó gbọ́dọ̀ mu láti àárọ̀ di àárọ̀. "Kò sí ọ̀nà tí omi máa gbà jáde lára rẹ̀. Tó bá mu ju èyí lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ, á sì rì sínú omi lórí bẹ́ẹ̀dì."

Mo gbàdúrà. Mo gbààwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì yẹn, ó dà bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dé ibì kan tí mo sọ fún Ọlọ́run pé, "Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mú un, mú un, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́." Èmi tí mò ń darí àdúrà àwọn obìnrin níbí, ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Ó wá ku òùngbẹ. Ahọ́n rẹ̀ sán, ètè rẹ̀ bó. Ife yẹn, kí oòrùn tó ga ó ti tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. "Màmá, omi. Màmá, omi." Ẹ wo èmi, ẹni tó ń gbé àárín igi àgbọn. Kí la máa ń ṣe níbi fún ẹni tí kò rí ìtọ̀ tọ̀? Ṣé kì í ṣe omi àgbọn ni? Tí ẹnì kan bá jẹ májèlé, tàbí tí oògùn bá lágbára jù lára rẹ̀, kí là ń fún un? Omi àgbọn náà ni. Mo wo gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún un, mo sọ lọ́kàn mi pé, àwọn ọmọdé yìí kàwé, wọn ò gbọ́n. Òùngbẹ ni wọ́n fẹ́ fi pa á.

Mo ránṣẹ́ sílé, wọ́n kó àgbọn tútù wá. Mo dà á sínú fúláàsì. Lẹ́nu ọ̀nà, Sístà tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù bi mí pé, "Màmá, kí ló wà nínú ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ̀kọ tèmi ni." Ẹnu yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Mo gbé orí rẹ̀ lé apá mi, mò ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ará, ó mu ún, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìyá mi." Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Màmá ló ń pè mí. Inú mi dùn débi pé ní ọjọ́ kejì mo gbé fúláàsì mìíràn wá.

Lọ́jọ́ kẹta omi àgbọn yẹn, bí mo ṣe wọlé, wọ́n ti yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Mímí rẹ̀ ń hó kèrèrè. Ojú rẹ̀ ti padà wú. Dókítà ń gbọ́ àyà rẹ̀, ó ń sọ pé ọkàn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Sístà ń jágbe mọ́ ọn pé, "Ìwọ lo dìde lọ mu omi ẹ̀rọ, àbí? Gbogbo wàhálà tá a ṣe lórí rẹ!" Káyọ̀dé di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń sunkún, ó ní, "Mórẹ́nikẹ́, kí ló dé tó o fi fẹ́ pa ara rẹ? Òùngbẹ lásán?"

Kò lè sọ̀rọ̀. Ó yíjú. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló wò, èmi ló wò.

Mo tú gèlè mi, mo tún un wé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Sístà tún bi mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ò kúkú fún un ní nǹkan kan?" Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni màá fún un?"

Dókítà bọ́ síta, mo bá tẹ̀ lé e. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní, "Kí n sá mọ ohun tó mu. Omi nìkan ò lè ṣe ọkàn báyìí." Mo dì mọ́ aṣọ funfun rẹ̀ lẹ́yìn. Mo ní, "Dókítà, èmi ni. Omi àgbọn ni." Kò jágbe mọ́ mi. Ó béèrè pé, "Mélòó?" Mo ní, "Fúláàsì méjì." Ó sáré. Mi ò rí dókítà tó sáré rí àyàfi ọjọ́ yẹn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sí iṣan, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń ka ọkàn rẹ̀, títí ọkàn fi padà gba ọ̀nà rẹ̀.

Ó wá bá mi níbi tí mo ká jọ sí. Ó ní, "Màmá, omi àgbọn dára fún ẹni tó ń tọ̀. Iyọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé kíndìnrín ló ń tì í síta. Tí kò bá rí ọ̀nà jáde, ọkàn ló máa dá dúró. Ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni, á ti kú mọ́ wa lọ́wọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n." Ó wá béèrè bóyá kí òun sọ fún ọmọ mi. Mo wólẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ. Ó ní, "Tiyín nìyẹn, Màmá."

Ọjọ́ kẹjọ tí ìgò ti gbẹ, kò tọ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án, òsúkè mú un, kò tú u sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ìtọ̀ tí kò rí àyè jáde. Kò dá wa mọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹwàá, Dókítà ní ká ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti Ìbẹ̀jú dé, ó jókòó tì í títí, ó wá bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, wọ́n ní ẹ ò tíì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi láti ọjọ́ tó ti wọbí. Ọlọ́run á san án fún yín." Mo ní, "Àmín." Háà! Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu. Mo ti ń ro irú aṣọ tá a máa fi dì í relé.

Àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, àwọn tó ń nu wọ́ọ̀dù ní kí n gbé ẹrù mi kúrò nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ ìgò. Kò ju ṣíbí kan lọ, ó dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo rò pé omi tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ló ta sí i. Mo dojúbolẹ̀, mo ń wò ó. Ó kán. Mo dúró. Ó tún kán.

Mo ké! "Sístà! Ó ń kán o! Ẹ gbà mí, ó ń kán!" Sístà sáré dé láti jágbe mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìgò sókè síbi fèrèsé. Ó ní, "Màmá, ìtọ̀ ni." Ẹ̀yin ará, gbogbo obìnrin tó wà ní wọ́ọ̀dù yẹn, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí, ẹlẹ́sìn Kírísítẹ́nì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìtọ̀! O ṣé, Bàbá! O ṣé o! Nígbà tó di ọjọ́ kẹta sí i, ó ti ń ya débi pé wọ́n ń pààrọ̀ ìgò. Dókítà ní ó ti ń tọ̀ jù báyìí, gbogbo iyọ̀ ara rẹ̀ ń bá a lọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, omi àgbọn yín dà? Ìsinsìnyí gan-an lẹ lè gbé e wá." Èmi ò lè rín in.

A délé láìgbé ọmọ dání. Irọ́ mi bá wa délé. Láti ọjọ́ yẹn, tí Mórẹ́nikẹ́ bá ti bu omi, Káyọ̀dé á ní, "Rọra o, ìwọ tí òùngbẹ fẹ́ẹ́ pa." Tí wọ́n bá jà, á ní, "Ìwọ tó o fi wá sílẹ̀ lọ mu omi ẹ̀rọ." Àwọn obìnrin etí kànga náà gbọ́ ọ, wọ́n ń fi ṣàwàdà. Ọdún mẹ́ta. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ṣùgbọ́n "Màmá" náà ni. Kò tún pè mí ní ìyá rẹ̀ mọ́.

Káyọ̀dé, ọmọ mi, o jókòó láàárín àwọn akọrin níbẹ̀ yẹn, wò mí lójú. Ìyàwó rẹ ò mu omi ẹ̀rọ. Kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò tiẹ̀ lágbára láti dìde. Èmi ìyá rẹ ni mo gbé omi àgbọn wọ wọ́ọ̀dù, èmi ni mo dà á sí i lẹ́nu, èmi ni mo sì dúró níbẹ̀ tí wọ́n fi ń bá a wí. Lọ́la, tí Ọlọ́run bá jí mi, màá lọ sí Ìbẹ̀jú, màá lọ kúnlẹ̀ padà fún ìyá rẹ̀.

Káyọ̀dé ti dìde. Ó ń jáde lọ. Ẹ má dì í mú, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin aboyún, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí ojú yín bá wú, tí orí ń fọ́ yín, tí ojú yín ń ṣú, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ kankan sọ fún yín pé ẹ kẹ́ra jù. Ẹ wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tẹ́ ẹ bá fún aláìsàn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kódà kó tì yín lójú. Ìwọ̀nba òtítọ́ tí mo sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Olúwa rí lò tó fi dá a sí. Ìwọ tí ìgò tìrẹ ṣì gbẹ títí di àárọ̀ yìí, tó o ti gbàdúrà títí tó o fi bú Ọlọ́run, mi ò ní sọ fún ẹ pé má sunkún. Sunkún. Ṣùgbọ́n má kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, máa wo ìgò. Ọjọ́ kẹwàá ni mo ti ń ro aṣọ òkú, ọjọ́ kọkànlá ni ó kán.

Ta ló ń bọ̀ yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún un. Pásítọ̀, ẹ má tíì dá orin. Ẹ jẹ́ kó rí ọ̀nà kọjá.

Mórẹ́nikẹ́, dúró síhìn-ín, ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Ẹ má retí pé ó máa sọ nǹkan kan. Ó ti di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo jáde, mo ní ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ bá àwa méjèèjì yìn ín.